Ohun Tí Ó Bàjẹ́ Kò Tíì Di Ohun Àsọnù

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama kan tí n kò ní dárúkọ, òkìtì àga àti tábìlì tí ó ti bàjẹ́ wà lẹ́yìn àwọn yàrá ìkàwé wa. Òmíràn nínú wọn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó yẹ̀. Òmíràn, pákó ìjókòó rẹ̀ ni ó là. Òmíràn ẹ̀wẹ̀, ìṣó méjì péré ni ó ṣí lára rẹ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́ báyìí, a ó gbé e sọ sórí òkìtì náà. Òjò a máa pa á, oòrùn a máa pa á, ikán a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ kíláàsì kékeré bẹ̀rẹ̀ sí jókòó ní mẹ́ta-mẹ́ta lórí àga ẹni méjì, àwọn mìíràn sì ń kọ ìwé lórí itan wọn. Ìpinnu tí àwa àgbà ṣe ni pé kí a dáná sun òkìtì náà kí ejò má baà fi ṣe ilé, kí a sì máa retí àga tuntun.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ dáná sun ún, bàbá káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Adìgbẹ ń kọjá lọ. Ó dúró, ó wo òkìtì náà títí, ó ṣí fìlà, ó kí wa, ó sì ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣé owó ni ẹ fẹ́ sun yìí?" A rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a fi ọjọ́ mẹ́ta jin òun, kí a sì yọ̀ǹda ọmọkùnrin mẹ́fà tí kò lẹ fún òun. Kí ọjọ́ kẹta tó pé, ó ti ṣa àwọn èyí tí ó ṣeé tún ṣe sọ́tọ̀, ó ti tú àwọn èyí tí ó bàjẹ́ jù palẹ̀, ó sì ti fi pákó wọn tún àwọn tí ó kù ṣe. Nínú àga mẹ́ta-mẹ́ta tí a ti kà sí òkú, méjì jí dìde. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó iye tí a ó fi ra àga tuntun mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó yìí ni ó ká mi lára jù. Ohun tí ó ká mi lára ni èsì tí ó fún mi nígbà tí mo bi í pé, "Bàbá, ọmọ iṣẹ́ mélòó ni ẹ ní?" Ó ní, "Kò sí, tíṣà. Èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú wọn ti lọ gun ọ̀kadà. Bí mo bá kú, irinṣẹ́ mi nìkan ni yóò ṣẹ́kù."

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, èsì yìí ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí ó bàjẹ́ kò tíì di ohun àsọnù, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbà á là. Bí a kò bá ní ẹgbẹ́ tí ó dúró ṣinṣin, nínú èyí tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹni tí ó mọ ìwé ti di ara wọn lọ́wọ́ mú, iṣẹ́ àtúnṣe yóò kú mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́, àwa yóò sì máa fi owó wa ra ohun tí a ó tún kó dà sí ààtàn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wẹ̀yìn wò. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa tẹ Abẹ́òkúta dó sí abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, ogun ni ó lé wọn dé ibẹ̀. Ẹni tí ogun lé kúrò nílé, tí ẹrù rẹ̀ kò ju ohun tí orí rẹ̀ lè rù lọ, kò ní í ju igbá nù nítorí pé ó fọ́. Bí igbá bá fọ́, wọn a lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí ó ti fọ́, wọn a sì fi okùn rán an pọ̀. Bí ọkọ́ bá jẹ tán, alágbẹ̀dẹ a fi irin rẹ̀ rọ ọ̀bẹ. Bí aṣọ bá ṣá, wọn a gbé e tọ aláró lọ, aláró a tún un pa láró, yóò sì tún dúdú kirikiri bí ẹni pé ọjọ́ náà ni a hun ún. Àwọn àgbà a sì máa wí pé, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ kíyè sí òwe yìí dáradára. Lójú àwọn tí ó pa á, àkísà kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó ni ín ti pẹ́ láyé, ó sì mọ bí a ti í tọ́jú ohun ìní.

Àní adìrẹ tí a fi ń yangàn ní Ìtòkú títí di òní, ọmọ ìyá iṣẹ́ àtúnlò ni. Ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn òyìnbó oníṣòwò ń kó tíì wá sí ilẹ̀ wa nínú àpótí onípákó, páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń bo inú àpótí náà. Bí tíì bá tán, àpótí di ohun tí kò níláárí lójú ẹni tí ó kó o wá. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣọ̀nà mú páànù yìí, wọ́n gé e ní àwòrán ẹyẹ, ewé àti òdòdó. Wọn a tẹ́ ẹ lé aṣọ funfun, wọn a fi ẹ̀kọ láfún kùn ún lórí, ibi tí ẹ̀kọ bá sì dé, aró kò ní í mú un. Báyìí ni àwọn ará Abẹ́òkúta ṣe fi ohun tí àlejò sọ nù dá ọ̀ṣọ́ tí a mọ ìlú wọn mọ́. Ẹni tí ó bá ń wí pé iṣẹ́ àtúnlò jẹ́ ẹ̀kọ́ tuntun tí ó ti òkè òkun wá, kí ó lọ wo adìrẹ.

Àwọn baba wa kò sì dá iṣẹ́ wọn ṣe. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀, wọ́n ní àáró, wọ́n ní ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn Pàràkòyí sì wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn olóyè tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọjà àti ìṣòwò. Wọ́n tún ní èsúsú. Gbogbo yín ni ẹ mọ bí èsúsú ti rí: owó kan náà ni ó ń yípo láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tí í mú un sọ sínú odò nígbà tí ó bá kàn án. Èrò mi ni pé bí owó èsúsú ti ń yípo ni ó yẹ kí ohun èlò máa yípo láàárín wa. Aṣọ ẹ̀gbọ́n di ti àbúrò. Àga tí ó kán di pákó tí a fi tún àga mìíràn ṣe. Irin ọkọ̀ tí ó ti kú di ìkòkò ìdáná. Bí ọ̀kan nínú àwọn tí ń dá èsúsú bá gbé owó sá lọ, èsúsú dàrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí a bá sọ ohun tí ó ṣeé lò nù, a ti gbé owó èsúsú sá lọ.

Kí ni ó wá yí padà? Ààtàn wa ni ó yí padà. Ní àtijọ́, èèpo iṣu, ewé àti eérú ni ó ń lọ sí ààtàn. Òjò a rọ̀ sí i, yóò jẹrà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó bá hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a sì máa yọ ìdì ńlá. Ààtàn òde òní kì í jẹrà. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, igò oníke, wáyà, bátìrì àti fóònù tí ó ti kú ni ó kún inú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi a gbé àwọn tí ó fúyẹ́ nínú wọn lọ dí ojú gọ́tà. Àwọn tí ó dàgbà jù yín lọ kò tíì gbàgbé Ògùnpa ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù August ọdún 1980, odò náà kún bo bèbè rẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, nítorí pé ilé àti ìdọ̀tí ti há ojú ọ̀nà rẹ̀, ènìyàn tí ó ju 100 lọ sì bá a lọ.

Àwọn ẹ̀rọ tí a ń pè ní tòkunbọ̀ tún wà níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn òkun. Ṣùgbọ́n ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa bọ̀ wálé wá lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tòkunbọ̀ wọ̀nyí, òkú ni wọ́n gbé wọn wọ ọkọ̀. Ní ọdún 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí dúró sí èbúté Èkó láti ka irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dún, ó kéré tán, 19 nínú 100 kò sì ṣiṣẹ́ rárá. Ní gbogbo ayé, nínú ọdún 2022 nìkan, àwọn ẹ̀rọ tí a sọ nù tó 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Nínú 100 wọn, 22 péré ni a mọ̀ pé wọ́n gbà kó jọ bí ó ti yẹ, tí wọ́n sì tú u fún ìlò mìíràn. Ẹ ronú sí i: bàbà, irin, àní wúrà pàápàá wà nínú àwọn ẹ̀rọ náà, a sì ń da ilẹ̀ bò wọ́n.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a rò pé a kò ní olùrànlọ́wọ́. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Pánsẹ́kẹ́ sí Adìgbẹ, ẹ fi ojú sílẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ ó rí fọkanáísà tí ń lẹ táyà, wẹ́dà tí ń jó irin ilẹ̀kùn, télọ̀ tí ń yọ ara ṣòkòtò kí ó lè gba olówó rẹ̀ tí ó ti sanra, ṣúmékà tí ń gbé àpótí rẹ̀ kiri, ẹni tí ń tún fáànù àti jẹnẹrétọ̀ ṣe, àti ọmọkùnrin tí ó tẹ́ tábìlì kékeré, tí ń tú fóònù palẹ̀ bí ẹni ń tú ìṣù okùn. Àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri, tí wọ́n ń kígbe pé àwọn ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí gbogbo wọn bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún oṣù kan ṣoṣo, ìgbà náà ni a ó mọ̀ pé àwọn ni wọ́n gbé ìlú dúró.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ẹgbẹ́. Télọ̀ ní tirẹ̀, mẹkáníìkì ní tirẹ̀, wẹ́dà ní tirẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ìpàdé, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá rú òfin. Bí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ bá ní aáwọ̀, ẹgbẹ́ ni í parí rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá pé ọdún tí ó yẹ kí ó lò, iwájú ẹgbẹ́ ni a ti ń gbàdúrà fún un, tí a ń fún un ní ìwé ẹ̀rí, tí òun náà yóò sì gba òmìnira láti di ọ̀gá. Ilé-ìwé ni èyí jẹ́, bí kò tilẹ̀ ní agogo. Ìgbà tí àwọn ìlú òyìnbó ń wá bí wọn yóò ti dá ẹgbẹ́ atúnǹkanṣe sílẹ̀, tiwa ti wà ní ojú títì. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ tàn yín jẹ. Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ àtúnṣe kò yẹ ní yíyìn, wọ́n sì ní ìdí mẹ́ta. Èkíní ni pé àtúnṣe jẹ́ ti tálákà. Ìdí yìí ni ó rọrùn jù láti fọ́. Aṣọ àlòkù tí òyìnbó kó wá ni àwọn ará àtijọ́ ń pè ní bọ́síkọ̀rọ̀, bí ẹni pé kọ̀rọ̀ ni kí a ti wọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí wa. Ìtìjú ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Ó sì hàn sí gbogbo wa pé ẹni tí ó jẹ gbèsè ra tuntun kò lọ́rọ̀ ju ẹni tí ó fi abùlẹ̀ sí aṣọ rẹ̀ tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá wọ bàtà tí a rán, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà. Òun ni ó mọ ìṣirò jù nínú yín.

Ìdí kejì wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n ní àwọn atúnǹkanṣe a máa rẹ́ni jẹ: wọn a yọ ohun tí ó dára, wọn a fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀, wọn a ní "ẹ padà wá lọ́la" títí ọ̀la yóò fi di oṣù. Èmi náà ti gbé áyọ́ọ̀nù lọ fún àtúnṣe rí, tí mo gbé e bọ̀ wálé pẹ̀lú àìsàn tí kò ní tẹ́lẹ̀. N kò ní í sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ni pé, ta ni yóò wo àrùn náà sàn bí kò bá ṣe ẹgbẹ́? Ẹni tí ó dá wà, tí kò ní ẹni tí yóò bá a wí, ni ó rọrùn fún láti tan ènìyàn jẹ. Níbi tí mo ti rí àléébù àwọn ẹgbẹ́ wa nìyí: wọ́n ń gbèjà ọmọ ẹgbẹ́ ju bí wọ́n ti ń gbèjà oníbàárà lọ. Kí ẹgbẹ́ kọ owó iṣẹ́ sára ògiri. Kí ọ̀gá kọ̀wé fún oníbàárà pé, bí ohun tí òun tún ṣe bá bàjẹ́ láàárín oṣù kan, òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a sì bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá fi ayédèrú ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe èyí ni àwọn ènìyàn yóò gbé àbùkù kúrò lára iṣẹ́ wọn.

Ìdí kẹta ni ó bani lẹ́rù jù, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Àtúnlò tí kò ní òfin a máa pani. Ní Ògijó, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń yọ́ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ tí ó ti kú. Iṣẹ́ àtúnlò ni, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń bà lé ilé, oko àti ilé-ìwé. Ní ọdún 2025, nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ń gbé àdúgbò náà wò, a rí òjé lára ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ìwọ̀n tí ó lè ṣe wọ́n léṣe, ìjọba sì pàṣẹ pé kí a ti díẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ohun tí ó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní mẹkáníìkì. Nítorí náà, n kò wí pé gbogbo àtúnlò ni ó dára. Ohun tí mo ń wí ni pé àtúnlò láìsí ẹ̀kọ́ àti láìsí ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ni jẹ́ ewu, bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ sí ọwọ́ ọmọ tí kò gbọ́n.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ní ọjọ́ 18 oṣù October ọdún 2009, obìnrin akọ̀ròyìn kan ní ìlú Amsterdam, Martine Postma, pe àwọn ará àdúgbò jọ. Ó ní kí ẹni tí ó ní ohun tí ó bàjẹ́ gbé e wá, kí ẹni tí ó mọ àtúnṣe mú irinṣẹ́ rẹ̀ wá, kí wọ́n jọ jókòó. Ó pe ibẹ̀ ní Repair Café. Lónìí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ti ju 2,000 lọ káàkiri ayé. Ní ọdún 2012, àwọn kan dá ẹgbẹ́ The Restart Project sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa kọ́ àwọn ènìyàn bí wọn yóò ti tún ẹ̀rọ wọn ṣe fúnra wọn. Ní ọdún 2017, ìjọba Sweden dín owó-orí kù lórí àtúnṣe bàtà, aṣọ àti kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 2023 ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí dín owó kù, láti 6 títí dé 25 euro, fún ẹni tí ó bá gbé aṣọ tàbí bàtà lọ fún àtúnṣe dípò kí ó sọ ọ́ nù. Ẹ ò rí i pé àwọn tí ó ń tà wá ní tuntun ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọn láti tún ti àtijọ́ ṣe!

Nílé náà, àwọn kan kò sùn. Ní ọdún 2012 kan náà, Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá dá Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ kó igò, ike àti agolo láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà náà, ẹni tí ó bá kó tirẹ̀ jọ, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a sì fún un ní máàkì tí ó lè fi gba ohun èlò ilé. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ní ọdún 2011 lórí ẹ̀rọ tí ń lo iná, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ sì parapọ̀ ní ọdún 2018 dá àjọ EPRON sílẹ̀, kí àwọn tí ó ta ẹ̀rọ fún wa lè ní ọwọ́ nínú kíkó òkú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù wà ní Gánà. Ní ìlú Kumasi, ibùdó kan wà tí à ń pè ní Suame Magazine, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹkáníìkì, wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ kó ara wọn jọ sí. Ní ọdún 1980, yunifásítì tí ó wà ní ìlú náà kò jókòó sí ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀ kí ó máa bú wọn pé wọn kò kàwé. Ó gbé ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ kan kalẹ̀ sí àárín wọn gan-an, ó kó ẹ̀rọ wá, ó sì ń kọ́ wọn bí wọn yóò ti máa ṣe ohun tí wọ́n ti máa ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Ìwé lọ bá ọwọ́ nílé. Ọwọ́ kò sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìwé. Èyí ni ohun tí ó sọnù láàárín wa. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí kò bá mọ ìwé ni à ń rán lọ kọ́ṣẹ́, bí ẹni pé ìyà ni iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó bá sì mọ ìwé, a kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan òróró. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Kí ni kí a wá ṣe? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Mo dábàá pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ atúnǹkanṣe, gẹ́gẹ́ bí ó ti ní ẹgbẹ́ ajàròyé àti ẹgbẹ́ eléré ìdárayá. Kí ẹgbẹ́ náà máa pàdé ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù. Kí wọ́n pe káfíńtà kan, télọ̀ kan àti atẹ́rọṣe kan láti àdúgbò, kí àwọn ọmọ gbé ohun tí ó bàjẹ́ nílé àti ní ilé-ìwé wá. Kí wọ́n kọ́ bí a ti í gán bọ́tìnì, bí a ti í lẹ rọ́bà kẹ̀kẹ́, bí a ti í kan ẹsẹ̀ àga. Kí wọ́n kọ́ pẹ̀lú ohun tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: bátìrì ọkọ̀, bátìrì fóònù tí ó ti wú, àti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Kí ìwé ńlá kan wà tí a ó máa kọ ọ́ sí: kí ni ó bàjẹ́, kí ni ó fà á, kí ni a fi tún un ṣe, èló ni a ná. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé náà yóò ju ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń rà ní ọjà lọ.

Kí a má sì ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni àwọn oníṣẹ́ yóò máa wá. Ẹni tí ó fi ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ jẹun, owó ni kí a fún un, àti ọ̀wọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ní ohun tí ẹ lè san fún un. Ẹ lè bá a ṣe ìwé ìnáwó rẹ̀. Ẹ lè bá a ka ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá. Ẹ lè bá ẹgbẹ́ wọn kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí ó fún wọn ní ibi tí a kò ní í máa lé wọn kúrò. Àwọn òbí ní tiwọn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ tí ó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọ pẹ̀lú ìwé, kì í ṣe dípò ìwé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹnì kan lè wí pé ohun kékeré ni èyí, pé ẹsẹ̀ àga kan kò lè tún Nàìjíríà ṣe. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti rí i lójú ara rẹ̀ pé ohun tí gbogbo ènìyàn kà sí òkú lè dìde ní ọjọ́ mẹ́ta, kò ní í tètè sọ̀rètí nù lórí ohunkóhun mọ́, ìbáà jẹ́ àga, ìbáà jẹ́ ìlú. Ẹni tí ó sì mọ̀ pé òun ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, kò ní í fi ìwà ìpáǹle lò ó.

Mo kọjá ní ẹ̀yìn yàrá ìkàwé yẹn láìpẹ́ yìí. Kò sí òkìtì mọ́ níbẹ̀. Mo yọjú wo inú kíláàsì, mo sì rí ọmọ kan tí ó jókòó lórí àga tí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ pupa, tí ẹ̀kẹrin sì jẹ́ pákó dúdú. Ó ń kọ̀wé, kò sì mọ̀ pé àga náà ti fẹ́ jóná rí. Ohun tí mo bi ara mi ni pé, bí ẹsẹ̀ dúdú yìí bá yẹ̀ lọ́la, tí bàbá káfíńtà yẹn kò bá sì sí mọ́, ta ni yóò kàn án? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ó yẹ kí ẹ dá mi lóhùn.